Ìmúrasílẹ̀ fún Eré-Ìje Alápá Mẹ́ta

Bí Yorùbá bá rí àgbàlagbà tí ó ń sáré nínú ẹ̀gún, wọn a ní bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní, àwọn àgbàlagbà kan wà, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti ìyá ọlọ́mọ, tí wọ́n ń jí ní kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú láti lúwẹ̀ẹ́, láti gun kẹ̀kẹ́, àti láti sáré, lẹ́sẹẹsẹ, láìsinmi. Kò sí ohun tí ó ń lé wọn, wọn kò sì lé ohun kan ju òpin ọ̀nà lọ. Eré yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní triathlon. Láti inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ: apá kìíní rẹ̀ túmọ̀ sí ẹẹ́ta, apá kejì sì túmọ̀ sí ìdíje. Ní èdè Yorùbá a lè pè é ní eré-ìje alápá mẹ́ta. Omi ni a kọ́kọ́ ń wọ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere ni ó tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ ni a sì fi ń parí rẹ̀. Aago kan ṣoṣo ni ó ń ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí a ti ń wá bàtà, bí a ti ń nu ara, aago náà ń lọ. Kò dúró de ẹnì kan.

Ẹni tí ó jẹ́ pé inú tẹlifíṣọ̀n nìkan ni ó ti rí eré yìí lè rò pé iṣẹ́ àwọn abàmì ènìyàn ni. Kò jẹ̀bi. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Ironman, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù Oahu ní Hawaii ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1978. Ẹni tí yóò bá parí rẹ̀ ní láti lúwẹ̀ẹ́ fún nǹkan bí kìlómítà 3.8, kí ó gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 180, kí ó tó wá sáré fún kìlómítà 42. Ènìyàn 15 ni ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, 12 ni ó parí. Gordon Haller, ẹni tí ó gba ipò kìíní, lo wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 46. Irú èyí kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti í bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Hawaii gan-an ni orísun eré náà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà tí ẹgbẹ́ àwọn asáré kan ní ìlú San Diego, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, péjọ sí etí omi Mission Bay ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1974. Jack Johnstone àti Don Shanahan, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà, ni wọ́n ṣètò rẹ̀, kí ó lè jẹ́ àyípadà díẹ̀ fún àwọn tí eré sísá nìkan ti sú. Ènìyàn 46 ni ó kópa. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, nǹkan bí máìlì mẹ́fà ni wọ́n fi ẹsẹ̀ sá, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ fún máìlì márùn-ún, wọ́n sì lúwẹ̀ẹ́ fún nǹkan bí 500 yáàdì. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi sá apá kan rẹ̀ lórí koríko àti iyanrìn. Ilẹ̀ ti ṣú kí àwọn tí ó kẹ́yìn tó jáde nínú omi, àwọn ènìyàn sì tan iná ọkọ̀ sí ojú omi kí wọ́n lè rí èbúté. Kò sí owó ńlá níbẹ̀, kò sí akọrin, kò sí oníròyìn. John Collins àti Judy aya rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kópa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà; àwọn méjèèjì ni wọ́n wá dá ti Hawaii sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Láti ibi eré ìrọ̀lẹ́ yìí ni ó ti ń dàgbà títí ó fi wọ inú ìdíje Olympic ní Sydney ní ọdún 2000. Ní Rio, ní ọdún 2016, ọmọ Gúúsù Áfíríkà kan, Henri Schoeman, gba àmì ẹ̀yẹ idẹ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níwọ̀nba kò ba eré náà jẹ́. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni ó tẹ̀lé. Eré ti Olympic jẹ́ mítà 1,500 nínú omi, kìlómítà 40 lórí kẹ̀kẹ́, àti kìlómítà 10 ní ẹsẹ̀. Ìlàjì rẹ̀ wà: mítà 750, kìlómítà 20 àti kìlómítà 5. Èyí tí ó tún kéré sí i wà, tí omi rẹ̀ kì í ju nǹkan bí mítà 400 lọ, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 10, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà méjì ààbọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí eré yìí ti wọ́pọ̀ púpọ̀, inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí a fi símẹ́ǹtì kọ́ ni ọ̀pọ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń ṣe apá kìíní. Bí adágún náà bá gùn ní mítà 25, àlọ 8 àti àbọ̀ 8 ni ó di mítà 400. Ilẹ̀ rẹ̀ hàn kedere, etí rẹ̀ kò jìnnà, àwọn adóòlà sì dúró lókè wọ́n ń wo omi. Irú eré bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó san owó, kí ó ka ìwé ìkéde eré náà dáadáa: ṣé inú adágún ni tàbí inú odò? Ṣé wọ́n ti ọ̀nà mọ́ ọkọ̀, tàbí àárín ọkọ̀ ni wọn yóò ti gun kẹ̀kẹ́? Ṣé òkè pọ̀ níbẹ̀? Bí ènìyàn bá pẹ́ kí ó tó dé, ṣé wọn yóò dúró dè é?

Omi ni ó ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ẹni tí ó rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó rẹ̀ lórí ìrìn lè jókòó sí abẹ́ igi. Ṣùgbọ́n omi kò ní àga. Àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà yẹ àkọsílẹ̀ eré yìí wò láti ọdún 1985 sí 2016, wọ́n sì rí ìṣẹ̀lẹ̀ 135 tí ènìyàn fi kú tàbí tí ọkàn rẹ̀ fi dáwọ́ dúró lójijì. Nínú 135 yìí, inú omi ni 90 ti ṣẹlẹ̀. Bí a bá fi wé ogunlọ́gọ̀ àwọn tí ó ti kópa láàrin ọdún wọ̀nyẹn, iye náà kéré. Ṣùgbọ́n ó fi ibi tí ó yẹ kí ìmúrasílẹ̀ ti pọ̀ jù hàn wá. Ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọjọ́ orí wọn sì súnmọ́ àádọ́ta ọdún ju ogún ọdún lọ. Ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún, tàbí ẹni tí àyà ń dùn nígbà tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ agbára, tàbí ẹni tí ó ti dákú rí, tàbí ẹni tí ìbátan rẹ̀ ti kú ikú òjijì, ilé dókítà ni kí ó kọ́kọ́ lọ kí ó tó lọ sí ilé adágún.

Ọmọ Ìlàjẹ tàbí ọmọ Ẹ̀gùn tí a bí sí orí omi kò ní rántí ọjọ́ tí ó mọ̀wẹ̀. Kí ẹni tí ó dàgbà sí àárín ọ̀dàn má ṣe fi ara rẹ̀ wé e. Kí ó wá olùkọ́. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàrin àwọn tí ń kọ́ òwẹ̀ ní àgbà ni pé wọ́n ń sé èémí. Wọ́n á fa atẹ́gùn símú, wọ́n á ki orí bọ omi, wọ́n á di ẹnu pa bí ẹni tí ó fẹ́ gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí wọ́n bá yọ orí, wọ́n ní láti tú atẹ́gùn ti tẹ́lẹ̀ jáde kí wọ́n tó fa tuntun, àyè kò sì gba méjèèjì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn mítà 25, tí wọ́n sì ń rò pé ara wọn ni kò lágbára. Ara kọ́, èémí ni. Inú omi ni a ti ń tú èémí jáde, díẹ̀díẹ̀, láti imú àti ẹnu, tí omi yóò máa hó lójú ẹni. Nígbà tí a bá wá yí ojú sí ẹ̀gbẹ́, fífà nìkan ni ó kù. Ó yẹ kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe èyí ní ìdúró, kí ó di etí adágún mú, títí yóò fi mọ́ ọn lára kí ó tó gbìyànjú àtilọ síwájú.

Ohun kejì ni orí. Ẹni tí ó bá gbé orí sókè láti wo iwájú, ìdí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò rì, yóò sì máa fa ara rẹ̀ bí ẹni tí ó ń wọ́ igi nínú ẹrẹ̀. Ilẹ̀ adágún ni kí ó máa wò. Ohun kẹta, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀, ni pé òfin eré yìí kò yan irú òwẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè na ọwọ́ níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè wẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Ẹni tí ó bá rẹ̀ lè dojú sókè kí ó sinmi. Dídojú sókè yìí ni ó yẹ kí a kọ́ ṣáájú ohun gbogbo, nítorí ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń léfòó ní ìdákẹ́jẹ́ ti ní ibùsùn lórí omi.

Bí eré náà bá jẹ́ ti inú odò tàbí adágún àdáyébá, ìmúrasílẹ̀ mìíràn tún wà. Omi níbẹ̀ dúdú, kò sí ìlà ní ìsàlẹ̀, ó sì tutù. Bí òtútù bá kan àyà lójijì, èémí á máa já wọlé fúnra rẹ̀, ọkàn á sì máa sáré. Ara kì í pẹ́ fara mọ́ ọn bí ènìyàn kò bá jà; láàrin ìṣẹ́jú kan tàbí méjì èémí yóò padà sípò. Nítorí náà ni wọ́n fi ń wọ omi díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń bu omi sí ojú àti ọrùn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀. Àwọn tí ń wẹ̀ nínú omi tútù a máa wọ aṣọ rọ́bà tí ó fún mọ́ ara, tí ó ń pa ooru mọ́, tí ó sì ń gbé ènìyàn léfòó. Kí ènìyàn má ṣe wọ̀ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ eré, nítorí ó ń fún àyà. Bí ìdààmú bá dé, kí ó dojú sókè, kí ó na ọwọ́ kan sí òfúrufú, kí ó sì kígbe. Ọkọ̀ kékeré yóò wá bá a. Ó lè di ọkọ̀ náà mú kí ó sinmi, kí ó sì tún tẹ̀síwájú. Òfin kò bá a wí, bí ọkọ̀ náà kò bá ṣáà ti gbé e lọ síwájú. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá lọ kọ́ òwẹ̀ nínú odò láìsí ẹni tí ń wò ó, bí ó ti wù kí ó mọ̀wẹ̀ tó. Òmùwẹ̀ náà ní í bómi lọ.

Ní ti kẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Àwọn kan a máa ná owó tí ó tó ra ọkọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kan, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí bíréèkì rẹ̀ ń mú, tí ṣéènì rẹ̀ ní òróró, tí táyà rẹ̀ le dáadáa, tí àga rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ olówó rẹ̀, tó. Kí ó mọ bí a ti ń yọ táyà tí ó jò, kí ó sì mọ bí a ti ń fi tíúbù tuntun sí i, nítorí kò sí vókáníísà ní ojú ọ̀nà eré. Kí ó kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ kan mú omi mu láìjẹ́ pé kẹ̀kẹ́ yà. Akoto kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́-inú: ẹni tí kò bá ní i kò ní gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà. A gbọ́dọ̀ ti de okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n kí ọwọ́ ẹni tó kan kẹ̀kẹ́, a kò sì gbọdọ̀ tú u títí a ó fi gbé kẹ̀kẹ́ padà sí ipò rẹ̀. Nínú eré àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n kì í sábà gbà kí ẹnì kan fi ara pamọ́ sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn kí atẹ́gùn má baà kọlù ú.

Eré sísá ni gbogbo ènìyàn rò pé òun mọ̀. Ẹni tí ó bá lè sá kìlómítà márùn-ún ní owúrọ̀ láìdúró yóò yà á lẹ́nu pé nígbà tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Yíyí ni ẹsẹ̀ ti ń yí láti àtẹ̀yìnwá, ní ìjókòó; nísinsìnyí a ní kí ó gbé gbogbo ara, ní ìdúró. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju pé kí a máa fi wọ́n kọ́ra: lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kan, bí a bá ti gun kẹ̀kẹ́ tán, kí a fi í lélẹ̀ kí a sì sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹsẹ̀ yóò ti mọ ohun tí ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjìlá kò pọ̀jù fún ẹni tí ó ti mọ òwẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ó gun kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sáré lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì fi ọjọ́ kan sinmi pátápátá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fún ìkọ̀ọ̀kan, a ó sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin, kí ó dín iṣẹ́ náà kù, nítorí ìgbà ìsinmi ni ẹran ara ń tún ara rẹ̀ ṣe tí ó sì ń le sí i. Ẹni tí orókún ń dùn tí ó sì ń sáré lọ kò ṣe akin. Ó ń wá ọ̀nà àtijókòó sílé ní ọjọ́ eré ni. Ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú eré kì í ṣe ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ rárá. Ohun tí ènìyàn kò kọ́ fún oṣù méjì, kò lè kọ́ ọ ní ọjọ́ mẹ́ta.

Oúnjẹ òwúrọ̀ ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí inú ti mọ̀, kí a sì ti jẹ ẹ́ tán ní nǹkan bí wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú. Ògì, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n, gbogbo wọn dára nítorí wọ́n ń yára di agbára. Ẹ̀wà àti ọbẹ̀ elépo tí ó ta lẹ́nu dára pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí wọ́n dúró de ọ̀sán.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láàrin omi àti kẹ̀kẹ́, àti láàrin kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀, ọgbà kan wà tí a ti ń pààrọ̀, tí a fi irin gbọọrọ kọ́ kẹ̀kẹ́ sí. Àyè tí olúkúlùkù ní níbẹ̀ kò ju ìbú aṣọ ìnura lọ. Lórí aṣọ ìnura yìí ni a ó to ohun gbogbo sí bí a ó ti lò ó: akoto lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí inú rẹ̀ kọjú sókè, nọ́ḿbà tí a ti so mọ́ bẹ́líìtì, tí yóò wà ní ẹ̀yìn lórí kẹ̀kẹ́, tí a ó sì yí sí iwájú nígbà tí a bá ń sáré, bàtà tí a ti tú okùn rẹ̀. Ara tútù kì í jẹ́ kí ìbọ̀sẹ̀ wọlé bọ̀rọ̀, nítorí náà kí ènìyàn fi í dánra wò ní ẹ̀yìnkùlé: kí ó da omi sí ara, kí ó wọ̀ ọ́, kí ó wo iye ìṣẹ́jú tí ó gbà á. Àwọn ọmọ àdúgbò yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nǹkan kò ṣe. Kí ó sì ka iye irin tí ó wà láti ẹnu ọ̀nà dé ibi kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, nítorí bí ènìyàn bá jáde nínú omi tí ojú rẹ̀ ń ṣú, gbogbo kẹ̀kẹ́ a máa jọra.

Ní eré ti inú adágún, wọ́n ti bi olúkúlùkù léèrè ṣáájú pé ìṣẹ́jú mélòó ni yóò fi wẹ mítà 400. Ìdáhùn yìí ni wọ́n fi ń tò wọ́n, tí ẹnì kan yóò fi máa wọ omi tẹ̀lé ẹnì kejì, tí àwọn tí agbára wọn dọ́gba yóò sì wà ní ojú ìlà kan náà. Ẹni tí ó bá pa irọ́ pé òun yára, àwọn tí ó yára ní tòótọ́ yóò máa fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, omi yóò sì máa ru sí i lójú, èémí tí ó ti fi oṣù mẹ́ta kọ́ yóò sì já mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹni tí ó bá sọ òótọ́ yóò wà láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìtìjú láti fọwọ́ di etí adágún mú kí a mí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn mítà 200. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù yóò rí i pé àwọn kan tí ó fi òun sílẹ̀ ní omi ń rìn ní kìlómítà tí ó kẹ́yìn.

Ní òpin ọ̀nà, wọn yóò gba ẹ̀rọ kékeré tí ó ń ka àkókò ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn yóò sì fún un ní omi. Kí ó má ṣe jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ó rìn díẹ̀, kí ó wọ aṣọ gbígbẹ, kí ó jẹun. Lẹ́yìn náà kí ó lọ mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe sọ nọ́ḿbà rẹ̀ nù sínú ayọ̀, nítorí ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọgbà náà yóò fi nọ́ḿbà ara rẹ̀ wé ti kẹ̀kẹ́ kí ó tó jẹ́ kí ó gbé e jáde.